Iná Ara Adìẹ: Bí A Ṣe Ń Dá A Mọ̀ àti Bí A Ṣe Ń Lé E Kúrò Lára Adìẹ Ẹ̀yìnkùlé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ara rẹ̀ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí bá ọ̀ràn iná ara adìẹ mu gan-an. Adìẹ lè máa rìn káàkiri ẹ̀yìnkùlé, kí ó máa ṣa oúnjẹ jẹ, kí ojú rẹ̀ sì mọ́ kedere, síbẹ̀ kí àìmọye kòkòrò kéékèèké máa jẹ ẹ́ lára lábẹ́ ìyẹ́. Ìgbà tí ẹyin bá dín kù, tí òròmọdìẹ bá ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, tàbí tí àgbébọ̀ tó ń sàba bá kọ ẹyin rẹ̀ sílẹ̀, ni ẹni tó ni adìẹ á ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa, láti Ìbàdàn dé Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ìṣẹ́yìn dé Ṣakí, ó ṣòro kí a tó rí àdúgbò tí a kò ti ní bá ẹni tó ń sin adìẹ mélòó kan ní ẹ̀yìnkùlé. Owó ẹyin ni àwọn ìyá kan fi ń ra ìwé fún ọmọ. Adìẹ yìí kan náà ni à ń pa nígbà ọdún àti nígbà tí àlejò bá dé. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá ń ba adìẹ jẹ́, owó ilé ló ń bà jẹ́.

Àṣìṣe méjì tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń sin adìẹ ló mú kí a kọ àlàyé yìí. Èkínní ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lo oògùn iná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọn a sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Èkejì ni pé àwọn mìíràn máa ń da òtapíàpíà, Sniper tàbí kẹrosín-ìnì sí ara adìẹ. Àṣìṣe àkọ́kọ́ ń jẹ́ kí iná padà. Àṣìṣe kejì lè pa adìẹ, ó sì lè ṣe ìpalára fún ọmọ tó bá jẹ ẹyin rẹ̀. Ẹni tó bá ka àlàyé yìí dé òpin kò ní ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì mọ́.

Kí ni iná ara adìẹ?

Iná ara adìẹ jẹ́ kòkòrò kékeré tí kò ní ìyẹ́ apá, tó ní ẹsẹ̀ mẹ́fà, tí ara rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Àwọ̀ rẹ̀ sábà máa ń dà bí ti koríko gbígbẹ tàbí kí ó pọ́n díẹ̀. Ojú lásán lè rí i, nítorí pé àwọn tó tóbi nínú wọn tó nǹkan bíi mílímítà 2 sí 3 ní gígùn. Ẹnu tí a fi ń jẹ nǹkan ló ní, kì í ṣe ẹnu tí a fi ń fa ẹ̀jẹ̀ bíi ti iná orí ènìyàn. Èépá awọ àti ìyẹ́ adìẹ ni oúnjẹ rẹ̀.

Irú iná tó ń bá adìẹ jà ju ẹyọ kan lọ. A ó mẹ́nu ba mẹ́rin tí àwọn onímọ̀ mọ̀ dáadáa:

1. Iná tó ń gbé lórí awọ ara, pàápàá ní àyíká ihò ìdí, lábẹ́ apá àti ní àyà. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Menacanthus stramineus. Òun ló burú jù fún adìẹ tó ti dàgbà, nítorí pé ó lè jẹ awọ àti ìdí ìyẹ́ tó ń hù títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi jáde, yóò sì lá ẹ̀jẹ̀ náà.

2. Iná tó ń gbé lórí ọ̀pá ìyẹ́, tí wọ́n ń pè ní Menopon gallinae. Tí a bá ya ìyẹ́ sọ́tọ̀, a lè rí wọn bí wọ́n ṣe tò lẹ́sẹẹsẹ lórí ọ̀pá rẹ̀, wọn a sì sáré lọ sí ìhà awọ.

3. Iná orí adìẹ, Cuclotogaster heterographus. Orí àti ọrùn ló ń gbé. Òun ni ọ̀tá òròmọdìẹ, nítorí pé ara ìyá wọn ló ti ń bọ́ sára wọn kété tí wọ́n bá pa.

4. Iná apá, Lipeurus caponis. Ó gùn, ó tín-ín-rín, kì í sì í yára rìn. Abẹ́ àwọn ìyẹ́ ńláńlá tó wà ní apá ni a ti sábà ń rí i.

Ohun kan wà tó so gbogbo wọn pọ̀, òun sì ni ìpìlẹ̀ ìtọ́jú tí a ó ṣàlàyé níwájú. Ara adìẹ ni iná ti ń gbé gbogbo ayé rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń yé ẹyin, ibẹ̀ ni ẹyin náà ti ń pa, ibẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà tí òun náà á fi yé ẹyin. Bí ó bá jábọ́ láti ara adìẹ, ó ṣòro kí ó tó lo ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lọ kí ó tó kú. Ìdí nìyí tí kò fi tó kí a fọ ilé adìẹ nìkan. Bí a bá fọ ilé tí a kò tọ́jú ara adìẹ, iná wà níbi tó wà.

Ẹyin iná máa ń pa láàárín ọjọ́ 4 sí 7. Ọmọ tó jáde á bọ́ awọ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dàgbà. Láti ìgbà tí a bá yé ẹyin títí di ìgbà tí ọmọ yóò fi lè yé ti tirẹ̀ tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí olùkàwé fi ìṣirò yìí sọ́kàn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì bẹ̀rù pé iná adìẹ yóò kó sí orí ọmọ òun. Lóòótọ́, ó lè rìn sí wa lọ́wọ́ nígbà tí a bá gbé adìẹ, ṣùgbọ́n kò lè gbé lára ènìyàn. Omi àti ọṣẹ tó láti fọ̀ ọ́ kúrò. Iná orí àwọn ọmọ ilé ìwé kì í ṣe láti ara adìẹ.

Ọ̀nà tí iná ń gbà dé ara adìẹ

Adìẹ tó ní iná ni ó ń kó o fún èkejì, nípa fífarakanra. Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù ni adìẹ tuntun tí a rà láti ọjà, tí a sì tú sí àárín àwọn ti ilé lọ́jọ́ náà gan-an. Ní ọjà, adìẹ láti oríṣiríṣi abúlé ni wọ́n ń kó pọ̀ sínú àgò kan, iná ọ̀kan á sì di ti gbogbo wọn. Àgò tí a yá lọ́wọ́ aládùúgbò náà lè gbé e wá, bí a kò bá fọ̀ ọ́, tí a kò sì sá a sí oòrùn. Bákan náà ni àkùkọ tí a yá kí ó lè gun àgbébọ̀.

Lẹ́yìn tí iná bá ti dé, àwọn adìẹ kan wà tí yóò pọ̀ sí lára ju àwọn yòókù lọ. Èkínní ni adìẹ tó ń ṣàìsàn tàbí tí ara rẹ̀ kò le. Adìẹ tó ní ìlera máa ń fi àgógó ẹnu rẹ̀ tún ìyẹ́ ara rẹ̀ ṣe lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe ń ṣa iná kúrò. Èyí tí ara rẹ̀ kò yá kì í ráyè ṣe é. Èkejì ni adìẹ tí wọ́n gé àgógó ẹnu rẹ̀, nítorí pé kò ní ohun tí yóò fi mú iná. Kò yẹ kí ẹni tó ń sin adìẹ mélòó kan ní ẹ̀yìnkùlé gé àgógó wọn rárá. Ẹ̀kẹta ni àgbébọ̀ tó ń sàba, nítorí pé ó ń jókòó lójú kan, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ jáde lọ fi erùpẹ̀ wẹ̀.

Àwọn àmì tí a fi ń fura

Èmi tí mo kọ àlàyé yìí náà ti jìyà àìmọ̀ rí. Àgbébọ̀ kan ní ẹ̀yìnkùlé mi sàba lé ẹyin mọ́kànlá. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lórí ẹyin, á fi ẹsẹ̀ ha ara, á tún padà. Mo rò pé àwọn ọmọdé ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, mo sì bá wọn wí. Nígbà tó yá, ó kúrò lórí ẹyin pátápátá. Ìyá àgbàlagbà kan tó ń gbé ní ilé kejì sí tiwa ló gbé adìẹ náà sórí ẹsẹ̀, ó ya ìyẹ́ ìdí rẹ̀ sọ́tọ̀, ó ní, “Bàbá Tọ́lá, wá wo ohun tó lé e kúrò lórí ẹyin.” Iná ń sáré káàkiri lórí awọ tó ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Gbogbo ẹyin mọ́kànlá ló bàjẹ́. Bí mo bá ti yẹ adìẹ náà wò kó tó sàba, ohun tí kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ, ǹ bá ti kó òròmọdìẹ.

Àwọn àmì tó yẹ kó mú wa fura nìwọ̀nyí:

- Adìẹ ń ha ara, ó ń ṣa ìyẹ́ ara rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ara rẹ̀ kò sì balẹ̀ ní alẹ́.
- Ìyẹ́ ń já tàbí ó rí jákujàku, pàápàá ní àyíká ìdí, ní àyà àti lábẹ́ apá.
- Awọ ìdí pọ́n, ó sì ní èépá tàbí egbò kéékèèké.
- Ẹyin tí à ń kó lójúmọ́ dín kù láìsí pé a yí oúnjẹ padà.
- Adìẹ ń fọn, bí ó tilẹ̀ ń jẹun.
- Àgbébọ̀ ń dìde lórí ẹyin lemọ́lemọ́.
- Òròmọdìẹ ń tòògbé, ìyẹ́ apá rẹ̀ ń wọ́lẹ̀, kì í sì í dàgbà bí ẹgbẹ́ rẹ̀.

Àwọn àmì yìí kò tó láti fi dájọ́. Adìẹ tó ń pa ìyẹ́ dà náà máa ń já ìyẹ́. Adìẹ tó ní aràn nínú náà máa ń fọn. Ohun kan ṣoṣo tó lè fi hàn dájú pé iná ni, ni kí a rí iná náà tàbí ẹyin rẹ̀.

Bí a ṣe ń yẹ ara adìẹ wò

Ìrọ̀lẹ́, nígbà tí adìẹ bá ti wọ̀, ni ó rọrùn jù láti mú wọn láìsí eré sísá. Kí ènìyàn méjì ṣe é pọ̀: kí ọ̀kan di adìẹ mú, kí èkejì tan tọ́ọ̀ṣì. Ẹ di ẹsẹ̀ adìẹ mú pẹ̀lú ọwọ́ kan, ẹ gbé àyà rẹ̀ lé apá, kí ìdí rẹ̀ kọjú sí ẹni tó ń wò ó.

Ẹ fi ìka ya ìyẹ́ tó yí ihò ìdí ká sọ́tọ̀, kí awọ lè hàn. Ẹ wò ó kíákíá, nítorí pé iná kì í fẹ́ ìmọ́lẹ̀; láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, yóò ti sáré wọ abẹ́ ìyẹ́ mìíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ wo àyà, itan, abẹ́ apá méjèèjì, kí ẹ sì parí rẹ̀ sí orí àti ọrùn. Ẹ ta ìyẹ́ ńláńlá apá sí ìmọ́lẹ̀, bóyá ẹ ó rí iná tó tín-ín-rín níbẹ̀.

Ẹ wo ìdí ìyẹ́ pẹ̀lú, ibi tó ti hù jáde láti inú awọ. Ẹyin iná máa ń lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, yóò funfun, yóò sì ṣùpọ̀ bí iyọ̀ tó dì. Ẹni tó bá rí ìṣùpọ̀ funfun yìí ní àyíká ìdí adìẹ ti rí ẹ̀rí tó dájú, bí kò tilẹ̀ rí iná kankan tó ń rìn.

Bí adìẹ yín kò bá ju mẹ́wàá lọ, ẹ yẹ gbogbo wọn wò. Bí wọ́n bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ mú ó kéré tán mẹ́wàá láti oríṣiríṣi ibi. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni ó yẹ kí a máa ṣe èyí. Bí a bá rí iná lára ẹyọ kan, kí a gbà pé ó wà lára gbogbo wọn.

Ṣé iná ni, àbí kòkòrò mìíràn?

Ó ṣe pàtàkì kí a mọ ìyàtọ̀, nítorí pé ìtọ́jú wọn kò rí bákan náà.

Kòkòrò kékeré kan wà tó dà bí ẹ̀kán dúdú tàbí pupa, tí kò tó mílímítà 1, tó ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ, tó sì ń mu ẹ̀jẹ̀. Ọ̀kan nínú irú rẹ̀, Dermanyssus gallinae, kì í gbé lára adìẹ ní ọ̀sán. Inú ihò pákó àti abẹ́ igi tí adìẹ ń wọ̀ sí ló ń sá pamọ́ sí, òru ló sì ń jáde wá mu ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ bá yẹ adìẹ wò ní ọ̀sán tí ẹ kò rí nǹkan, ṣùgbọ́n tí ogbe wọn ṣì ń ṣì, tí wọn kò sì fẹ́ wọlé sùn lálẹ́, ẹ padà lọ ní òru. Ẹ fi bébà funfun nu abẹ́ igi náà. Bí bébà bá gba àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀, ẹ ti mọ ọ̀tá yín. Kòkòrò yìí lè wà láàyè fún ọ̀pọ̀ oṣù láìjẹun, nítorí náà ilé adìẹ gan-an ni a gbọ́dọ̀ tọ́jú.

Eégbọn adìẹ náà ń sá pamọ́ sínú ihò ògiri, òun sì lè kó àìsàn ibà tó ń pa adìẹ sí wọn lára. Bí ẹ bá rí ohun dúdú tó kì mọ́ ogbe àti àyíká ojú adìẹ tí kò sì rìn, irú kòkòrò mìíràn nìyẹn, kì í ṣe iná. Bí ìpẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ bá ń wú tí ó sì ń gbé sókè, ohun mìíràn tún ni. Ẹ fi irú èyí han oníṣègùn ẹranko.

Ìtọ́jú: ẹ̀ẹ̀mejì ni, gbogbo adìẹ sì ni

Oògùn páúdà tó ní permethrin, tí wọ́n ṣe fún adìẹ, ni ọ̀kan nínú àwọn tí a ń lò jù fún iná. Èyí tó ní ìdá 0.25 nínú 100 ni a sábà ń lò láìpò ó mọ́ nǹkan kan. Ẹ rà á ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ẹran ọ̀sìn tí ẹ mọ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá ó ní nọ́ńbà NAFDAC, bóyá wọ́n kọ orúkọ adìẹ sí i lára, àti bóyá ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Ẹ má ra èyí tí wọ́n wọ̀n sínú ọ̀rá láìní àkọlé.

Ẹ tẹ̀lé ìgbésẹ̀ wọ̀nyí:

1. Ẹ duro di ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo adìẹ bá ti wọ̀, kí ẹyọ kan má baà yọ sílẹ̀. Àkùkọ náà wà nínú rẹ̀.

2. Ẹ fi ìbòmú bo imú àti ẹnu, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì kó oúnjẹ, omi àti ẹyin kúrò nítòsí.

3. Ẹ da páúdà sí ìdí, abẹ́ apá méjèèjì, àyà àti ẹ̀yìn, kí ẹ sì fi ìka tì í wọlé títí yóò fi kan awọ. Páúdà tó dúró lórí ìyẹ́ nìkan kò ṣe nǹkan kan. Ẹ ṣọ́ra fún ojú àti imú adìẹ.

4. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára páálí ni kí ẹ lò. Fún páúdà 0.25 tí a sọ yìí, ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 450 fún adìẹ 100, èyí tó fi díẹ̀ dín ní gíráàmù 5 fún adìẹ kan. Àpọ̀jù oògùn kì í mú kí ìwòsàn yá.

5. Ní ọjọ́ kejì, ẹ kó gbogbo koríko àti èérún igi inú ilé adìẹ àti inú ìtẹ́ jáde, ẹ sun wọ́n, kí ẹ sì fi tuntun rọ́pò.

6. Ẹ wo ìyẹ́ tí ẹyin iná ti ṣùpọ̀ sí. Ẹ lè fi sísọ́ọ̀sì gé e, kí ẹ sì sun ún. Ẹ má fà á tu, nítorí pé ó ń dun adìẹ, ó sì ń dá egbò sí i lára.

7. Ní ọjọ́ 10 sí 14 lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fojú fò, ibẹ̀ sì ni gbogbo iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Oògùn ń pa iná tó ti jáde, kì í pa èyí tó ṣì wà nínú ẹyin. Ẹ rántí ìṣirò tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan: ẹyin á pa láàárín ọjọ́ 4 sí 7. Nítorí náà, nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ kẹwàá, gbogbo ẹyin tó ṣẹ́kù lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ti pa, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ inú wọn kò tíì dàgbà tó láti yé ẹyin tiwọn. Bí a bá lo oògùn lẹ́ẹ̀kejì ní àkókò yìí, a ti gé ìran wọn. Bí a bá jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, wọn yóò ti yé ẹyin tuntun, a ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ náà sára kàlẹ́ńdà kí ẹ má baà gbàgbé.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ti èkejì, ẹ tún yẹ wọ́n wò. Bí ẹ bá ṣì rí iná tó ń rìn, ẹ má kàn máa da oògùn kan náà sí i. Ẹ lọ bá oníṣègùn ẹranko. Bákan náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó lo oògùn fún òròmọdìẹ. Ní ti ẹyin àti ẹran, ẹ ka páálí oògùn láti mọ iye ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ dúró kí ẹ tó jẹ wọ́n tàbí tà wọ́n.

Ohun tí a kò gbọdọ̀ lò

Òtapíàpíà àti Sniper kì í ṣe oògùn adìẹ. Dichlorvos ló wà nínú Sniper àti nínú ọ̀pọ̀ òtapíàpíà tí wọ́n ń tà lójú pópó. Májèlé yìí ń gba awọ wọlé, ó ń gba imú wọlé, iṣan ara ló sì ń bá jà. Adìẹ tí wọ́n bá fi wẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í da itọ́, kí ó máa gbọ̀n, kí mímí ṣòro fún un, kí ó sì kú. Ènìyàn tó ń dà á sí adìẹ lára náà ń fà á símú, ọwọ́ rẹ̀ sì ń mu ún. Nítorí ewu rẹ̀, àjọ NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré dichlorvos, èyí tó jẹ́ mílílítà 100, ní ọdún 2019. Bí ẹnikẹ́ni bá ń làágùn, tó ń da itọ́, tí mímí sì ṣòro fún un lẹ́yìn tó lo irú oògùn bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú ìgò oògùn náà dání.

Ẹ má fi kẹrosín-ìnì tàbí ọ́ìlì mọ́tò ra adìẹ lára. Ó ń jó awọ, ó ń lẹ ìyẹ́ pọ̀, adìẹ kò sì ní lè dáàbò bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ òtútù àti ooru mọ́. Bákan náà, ẹ má fún adìẹ ní oògùn ivermectin tí wọ́n ṣe fún màlúù láìjẹ́ pé oníṣègùn ẹranko pàṣẹ rẹ̀, nítorí pé oògùn náà ń wọ inú ẹyin.

Bí iná kò ṣe ní padà

Èkínní, ẹ ya adìẹ tuntun sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, ní ibi tí kò ti ní fara kan àwọn ti ilé. Ẹ yẹ ẹ́ wò ní ọjọ́ tí ó dé àti kí ẹ tó tú u sílẹ̀. Èyí dára fún ọ̀pọ̀ àrùn mìíràn pẹ̀lú.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí adìẹ ní ibi tí yóò máa fi erùpẹ̀ wẹ̀. Adìẹ tó ń yí nínú erùpẹ̀ kò ya ọ̀bùn; ìwẹ̀ rẹ̀ ló ń wẹ̀. Ẹ lè fi pákó ṣe àpótí tí kò jìn, kí ẹ da yanrìn àti erùpẹ̀ gbígbẹ sí i, kí ẹ sì fi òrùlé kékeré bò ó nítorí òjò. Àwọn mìíràn ń fi eérú igi díẹ̀ sí i. Kí ó jẹ́ eérú tó ti tutù, tí a kò fi ọ̀rá tàbí ìdọ̀tí sun. Ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ ṣe ní Yunifásítì California ní Riverside, tí wọ́n gbé jáde ní 2012, fi hàn pé imí ọjọ́ tí wọ́n pò mọ́ yanrìn inú irú àpótí bẹ́ẹ̀ dín iná kù gidigidi lára àwọn adìẹ. Bí ẹ bá fẹ́ lo imí ọjọ́, ẹ béèrè ìwọ̀n rẹ̀ lọ́wọ́ oníṣègùn ẹranko, nítorí pé eruku rẹ̀ ń ta ojú.

Ẹ̀kẹta, ẹ yẹ gbogbo àgbébọ̀ wò kí ẹ tó kó ẹyin sí abẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ní iná, ẹ kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó sàba. Ẹ fi koríko tuntun sí ìtẹ́ nígbà gbogbo.

Ẹ̀kẹrin, ẹ fọ àgò tí ẹ yá, kí ẹ sì sá a sí oòrùn. Bí ẹ bá ti ta gbogbo adìẹ yín tí ilé wọn ṣófo, ẹ jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó kó tuntun wọlé. Iná tó bá ṣẹ́kù níbẹ̀ yóò ti kú.

Ìgbà tó yẹ kí a lọ bá oníṣègùn ẹranko

Iná kì í pa ọ̀pọ̀ adìẹ lọ́jọ́ kan. Bí adìẹ yín bá ń kú lójijì, tí wọ́n bá ń wọ́rùn, tí wọ́n ń yàgbẹ́ aláwọ̀ ewé, tàbí tí orí wọn wú, ó lè jẹ́ àrùn lùkúlùkú tàbí àrùn mìíràn tó burú jù bẹ́ẹ̀. Ẹ má pa á jẹ, ẹ má gbé e lọ sí ọjà. Ẹ kàn sí ọ́fíìsì oníṣègùn ẹranko tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín. Ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn náà wà fún àwọn tó wà nítòsí, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan sì lè júwe bí a ṣe ń da páúdà fún ẹni tí kò ṣe é rí.

Àwọn àgbà tún sọ pé bí iná kò bá tán lára aṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ẹni tó bá tọ́jú adìẹ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tó sì fi èkejì sílẹ̀, iná kò tíì tán lára aṣọ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ òní, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, ẹ gbé àgbébọ̀ yín kan, kí ẹ sì ya ìyẹ́ ìdí rẹ̀ sọ́tọ̀. Kò ní gbà yín ju ìṣẹ́jú méjì lọ.